Òkúta Inú Báàgì Moṣọpẹ́

“Ta ló ni àwọn òkúta tó wà níbẹ̀?”

Ọmọ ọdún méje ló béèrè bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà mẹ́ta ló wà nínú yàrá, kò sì sí ẹni tó rí èsì gidi fún un. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ bá mi dé ìparí rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìn àjò lọ́wọ́.

1.

Orúkọ ọmọ náà ni Moṣọpẹ́. Becontree ní London ni òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Àdùnní, ìyá rẹ̀, ń tọ́jú àwọn arúgbó. Gbádégẹṣin, bàbá rẹ̀, ń wa bọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́tàlá ni Àdùnní ti lò ní London. Ó ti kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n sọ òun di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù mẹ́rin sì ti kọjá tó ti ń retí èsì. Ẹ fi ìwé yẹn sọ́kàn.

Gbádégẹṣin ló ṣètò ìsinmi ránpẹ́ lọ sí Gíríìsì. Ó kọ ọ́ sórí pépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì: ọjọ́ méjì ní Áténì, ọjọ́ kan láti wo àwókù Kọ́ríńtì, ọjọ́ méjì ní erékùṣù Ẹ̀gínà, ọjọ́ kẹfà wọ́n á wálé. Moṣọpẹ́ fi báírò búlúù kun ọjọ́ erékùṣù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni, kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan òkun rí.

2.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Creekmouth ni wọ́n ń lọ. Níbẹ̀, ẹni tó bá ti Jerúsálẹ́mù dé máa ń bu omi Jọ́dánì tàbí iyẹ̀pẹ̀ bọ̀ fún àwọn ará láti fi gbàdúrà. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni Àdùnní ti máa ń gba tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó sọ ibi tí wọ́n ń lọ, ó kan òun náà.

“Ilẹ̀ tí Pọ́ọ̀lù tẹ̀ lẹ ń lọ yẹn,” ni Mọ́níkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. “Màmá Moṣọpẹ́, òkúta kékeré kan péré fún mi o.”

“Èmi náà, àǹtí mi. Tèmi ò gbọ́dọ̀ kéré, ìṣòro mi tóbi,” ni obìnrin mìíràn wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àdùnní kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kí ó tó kúrò ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ ti di mẹ́tàlélógún. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan dìde fún un kó lè jókòó níwájú. Ó dùn mọ́ ọn.

Mọ́níkẹ́ wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti rán an létí. Ìgbà náà ni Moṣọpẹ́ béèrè ẹni tó ni òkúta.

“Ọlọ́run ló ni í,” ni Mọ́níkẹ́ wí.

“Ṣé Ọlọ́run ti ní ká wá mú un?”

Gbádégẹṣin, tó jókòó tì wọ́n, yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Lọ fọ eyín rẹ,” ni Àdùnní wí.

3.

Áténì lọ dáadáa. Lẹ́nu ọ̀nà àwókù Kọ́ríńtì, wọ́n ya ọwọ́ tó ń mú òkúta sára pátákó, wọ́n sì fa ìlà pupa dábùú rẹ̀.

“Àdùnní, wo àwòrán yẹn. Wọ́n ní ká má mú nǹkan kan.”

“Òkúta lásán, Dádì Moṣọpẹ́. Ṣé wọ́n kà á ni?”

“Ìwé rẹ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba o.”

“Ẹ̀rù máa ń bà yín jù.”

Bí ẹ̀ṣọ́ bá ti kẹ̀yìn, Àdùnní á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ di okùn bàtà ọmọ rẹ̀, á mú ọ̀kan.

“Màámi, bàtà mi ò ní okùn.”

“Dákẹ́.”

Mẹ́sàn-án péré ló rí kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ti ilẹ̀kùn ibẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Moṣọpẹ́ wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ó di ọ̀la, ó tún kó wọn padà sí Kọ́ríńtì lọ wá òkúta tó kù. Nígbà tó di ọ̀la, atẹ́gùn le, wọ́n so gbogbo ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀. Ọmọ náà dúró létí irin èbúté, ó ń wo omi. Kò sunkún.

Lálẹ́, Àdùnní fi ìbọ̀sẹ̀ wé òkúta mẹ́tàlélógún, ó kó wọn sínú báàgì Moṣọpẹ́. Ta ló máa yẹ báàgì ọmọdé wò?

4.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára ọ̀kan, ewé tí ẹnì kan fín láyé àtijọ́ hàn ketekete.

“Báàgì ta nìyí?”

“Tèmi,” ni Moṣọpẹ́ wí.

“Ta ló kó òkúta sí i?”

Àdùnní ń wo àwọn òkúta. Ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù ìjọba ló ń rí: ṣé o ti rú òfin rí, ní orílẹ̀-èdè èyíkéyìí? Ó dákẹ́.

“Èmi ni,” ni Moṣọpẹ́ wí.

Gbádégẹṣin yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Irọ́ ló ń pa,” ni Àdùnní wí níkẹyìn. “Èmi ni mo kó wọn.”

Bàálù gbéra láìsí wọn. Ọjọ́ méjì ni Àdùnní fi sun àtìmọ́lé.

5.

Ẹjọ́ náà ṣì wà ní kóòtù ní Gíríìsì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sọ ọ́ fún ìjọba níbí, torí kò fẹ́ fi í pa mọ́. Wọn ò tíì fèsì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà fún un. Kò sí ẹni tó béèrè òkúta. Mọ́níkẹ́ nìkan ló wá bá a: “Màmá Moṣọpẹ́, ìwé tí ẹ kọ orúkọ sí yẹn, ẹ bá mi pa tèmi rẹ́.”

Ohun tó ń dùn ún jù kì í ṣe ìwé. Láràárọ̀, kí Moṣọpẹ́ tó lọ síléèwé, á da gbogbo nǹkan inú báàgì rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ wá wò ó, Màámi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Lánàá, Àdùnní kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. “Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ni òkúta yẹn. O béèrè, mo ní kí o lọ fọ eyín.”

“Ṣé ọlọ́pàá máa wá síbí?”

“Rárá. Bí wọ́n bá tilẹ̀ wá, èmi ni màá dáhùn.”

Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, Àdùnní ló ní kí n kọ ọ́ fún yín. Ẹ má mú ohun tí wọ́n ní kí ẹ má mú, bó ti wù kó kéré tó, ẹni yòówù tó bẹ̀ yín. Ẹ má ta ọjọ́ tí ẹ ti ṣèlérí fún ọmọ nítorí ìyìn èèyàn. Ẹ má sì fi ohun tí ẹ ò lè gbé fúnra yín sínú báàgì ọmọ yín láé.

Lálẹ́ yẹn, Moṣọpẹ́ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò yẹ̀ ẹ́ wò, ó sùn. Gbádégẹṣin pa iná, òun náà sùn. Àdùnní tẹ́tí sí èémí àwọn méjèèjì títí, kí oorun tó gbé e lọ.