Ta Ló Wà Lọ́dọ̀ Ọmọ?

"Ta ló ń tọ́jú ọmọ tẹ́ ẹ bá lọ síbi iṣẹ́?"

Aránṣọ ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà, ó fẹ́ débi iṣẹ́ kí wọ́n tó ti géètì. "Màmá mi ni. Wọ́n ń dì í mú títí mo fi ń dé."

Ọkàn àǹtí oníbéèrè tí ìjọba rán wá bàjẹ́. Ilé tí àgbàlagbà bá ti wà, wọn ò ní gba ọmọ ibẹ̀ sílé ìtọ́jú ọmọ tí wọ́n fẹ́ ṣí ládùúgbò.

"Ìyá ọmọ, ẹ rò ó dáadáa o. Ṣé ara Màmá gbé e?"

"Kì í rẹ̀ wọ́n." Kò wojú rẹ̀.

Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Ẹ jẹ́ n kí Màmá kí n tó lọ." Kí aránṣọ tó dá a dúró, ó ti ṣí kọ́tìnnì.

Ọmọ nìkan ló bá. Wọ́n fi ìró kan tó ti ṣá so ìbàdí rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá dà?"

"Ìró wọn nìyẹn. Àtìgbà òjò la ti sin wọ́n." Ohùn aránṣọ lọ sílẹ̀. "Sítóòfù ni mo ń bẹ̀rù, àti kànga ẹ̀yìnkùlé. Ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Àmọ́ omi ọmú ti rin ẹ̀wù yín, àǹtí. Ta ló wà lọ́dọ̀ tiyín?"

Oníbéèrè ki ọwọ́ bọ báàgì, ó di kọ́kọ́rọ́ tó fi ti ọmọ tirẹ̀ mọ́lé láàárọ̀ mú.