Òjò Ọjọ́ Àìkú

Ohun tí Dókítà Olútìmẹ́hìn rí ní Ìdànrè, kò tíì sí ọ̀mọ̀wé kan tó rí irú rẹ̀. Láti ìgbà tí ilé ìwádìí ti rán an wá sí Odòde Ìdànrè ló ti ń wọn òjò. Ó ti fi ìṣirò ìṣeéṣe gbé e yẹ̀wò, ìyẹn ìmọ̀ tí wọ́n fi ń sọ bí nǹkan ti lè ṣẹlẹ̀ tó kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí ìṣirò náà já sí ni pé ọjọ́ Àìkú ni òjò Ìdànrè fẹ́ràn. Ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà jẹ́ ìgbà òjò, bí ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, omi á wà nínú agolo.

Agolo irin kan ni wọ́n fi ń wọn òjò ọ̀hún. Ẹ̀yìnkùlé Dókítà ni wọ́n rì í mọ́, nítorí ibẹ̀ nìkan ni igi kòkó kò ṣíji bò. Mùyídéènì, akọ̀wé rẹ̀, ló máa ń wá wò ó láràárọ̀. Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn mú, agolo gbẹ, oúnjẹ kò sì wu Dókítà jẹ mọ́. Joanna aya rẹ̀ á gbé iyán síwájú rẹ̀, á tì í sẹ́yìn. Á ní agolo òfìfo ni iṣẹ́ òun, kí ni kí òun kọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá? Àánú rẹ̀ a máa ṣe obìnrin náà gan-an. Kò pẹ́, nǹkan yí padà, agolo bẹ̀rẹ̀ sí í rí omi, Dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1981, àwọn ọ̀mọ̀wé oníṣìrò wá láti Ìbàdàn àti Èkó fún ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí bá wọn wá. Ó ti sọ fún Olútìmẹ́hìn tẹ́lẹ̀ pé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fọwọ́ sí òjò yìí, yóò di olórí ẹ̀ka tuntun. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, wọn yóò ti ilé ìwádìí Odòde pa, kí ó padà lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní álíjẹ́bírà. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn dáadáa.

Gbogbo wọn ló fara mọ́ ìṣirò rẹ̀, àfi Dókítà Felix láti Ìbàdàn. Inú ti ń run ún láti ọjọ́ kejì, nítorí iyán Joanna kò ṣeé jẹ níwọ̀n. Joanna bu omi àdúrà fún un láti inú ìgò tó máa ń gbé bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ní Aládé. Felix mu ún, inú náà sì dẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

"Ta ló kọ́ òjò ní orúkọ ọjọ́?" Felix bèèrè níwájú ìpàdé. "Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn lèyí, kì í ṣe ti ìkùukùu."

Mùyídéènì ni ojú gbogbo wọn yí sí. Ọkùnrin náà ní òun ń kírun, òun kì í purọ́, Ọlọ́hun ń wo òun. Felix ní kò burú, ká wò ó ká tó gbà á. Òun yóò mú Mùyídéènì lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì á jọ sùn síbẹ̀. Olútìmẹ́hìn náà kò gbọdọ̀ délé. Yóò mú àwọn àlejò gun òkè lọ wo ìlú àtijọ́, kí ó sì bá wọn sùn sí ilé àlejò.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọyẹ́ bo gbogbo àpáta. Joanna ti fún wọn lóúnjẹ, ó ti wọ aṣọ funfun rẹ̀ lọ sí Aládé. Olútìmẹ́hìn ń gun òkè, ó ń wo ojú ọ̀run, kò rí ìkùukùu kan. Ẹ̀rù bà á débi pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wọn yí agolo ká. Felix fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Omi wà níbẹ̀.

Felix bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ó ní ilẹ̀ gbẹ.

"Ilẹ̀ kì í ṣe ohun èlò ìwádìí," ni ọ̀gá àgbà wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣàlàyé pé òjò tínínrín ló rọ̀, irú èyí tí ọyẹ́ máa ń fà mu kí ó tó kanlẹ̀. Òmíràn bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹni tó sùn kò lè jẹ́rìí. Felix kì í ṣe alágídí. Ó bẹ Mùyídéènì níwájú gbogbo ènìyàn, òun náà ló sì kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n gba ìṣirò náà wọlé. Ọ̀gá àgbà kéde pé ìjọba yóò ri irú agolo yìí mọ́lẹ̀ káàkiri, láti Aládé dé Ọ̀wẹ̀nà, Olútìmẹ́hìn ni yóò sì jẹ́ olórí gbogbo rẹ̀.

Inú Dókítà dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún aya rẹ̀, títí kan àwọn agolo tuntun. Joanna kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Bàbá Táíwò, mo bá yín yọ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìnkùlé wa yìí nìkan ni apá mi ká láti máa bu omi àdúrà sí bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ta ni yóò máa bá wa bu sí ti Ọ̀wẹ̀nà?"