Ọlọ́sìn Adìyẹ Tí Kò Pa Iná

Ọkùnrin kan wà tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin, ìwọra ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ ọ̀kan, ojú rẹ̀ á ti wà lára èkejì. "Kò-tó-mi" ni àwọn aládùúgbò ń pè é. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Òun ló ń bá a kó ẹyin, tó ń bá a gbá ilé adìyẹ.

Kò-tó-mi gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀ lójú adìyẹ, á yé sí i. Wọ́n ní kó tan iná díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, kó sì pa á. Ti "tan án" ló gbọ́, kò gbọ́ ti "pa á". Iná wá ń jó láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀.

Ẹyin kọ́kọ́ pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn adìyẹ kò fi gun ọ̀pá ìsùn wọn mọ́. Wọ́n ń fi ẹnu tu ìyẹ́ ara wọn títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ.

"Àbúrò mi, pa iná yìí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ohun tó bá lẹ́mìí gbọ́dọ̀ sùn. Èmi pàápàá ò rí oorun sùn, iná náà ń wọ yàrá mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyin là ń tà, a kì í ta oorun. Ẹni tí iná bá ń wọ̀ lójú, ilẹ̀kùn ò kúkú tì."

Obìnrin náà wọ yàrá rẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ilé wá dá páropáro. Kò-tó-mi ń dá jẹun, ó ń dá sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn á bu oúnjẹ sí abọ́ méjì kó tó rántí. Síbẹ̀ kò pa iná. Àṣejù sì rèé, baba àṣetẹ́ ni.

Ní òru ọjọ́ kan, iná mànàmáná lọ lójijì. Àwọn adìyẹ tí kò mọ òkùnkùn mọ́ figbe ta, wọ́n ya gìrì lọ sí igun kan, wọ́n ń gun ara wọn lórí. Kí Kò-tó-mi tó rí tọ́ọ̀ṣì, ariwo ti rọlẹ̀. Wọ́n ti tẹ ara wọn pa, àwọn tó yè kò tó nǹkan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà dé. Ó bá a gbẹ́ kòtò, ó bá a sin àwọn tó kú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Mo ti yọ gbogbo gílóòbù."

"Mo ti dárí jì ọ́, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí mo ti ń sùn."

Ó fọ ọwọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò-tó-mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Òkùnkùn dé, oorun kò bá a dé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tó ń ṣe wá láǹfààní, ká má fún un lọ́rùn. Ìsinmi ẹran ọ̀sìn wà lára oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó ń bá wa gbé tó sì kìlọ̀ fún wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tirẹ̀, nítorí àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. A lè ra adìyẹ mìíràn; a kì í ra ẹ̀gbọ́n lọ́jà.