Nọ́ńbà Tó Kàn

"Ẹ kú ìrọ́jú o, mà. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Nọ́ọ̀sì gbé fóònù orí tábìlì sílẹ̀, ó sì tẹ "Ó ti kú" síwájú orúkọ bàbá tó pè béèrè lórí kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ gbẹ bí ẹni tó ń ka aṣọ alágbàfọ̀. Iṣẹ́ àràárọ̀ rẹ̀ nìyẹn: kọ̀ǹpútà á mú àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí kò wá fún àyẹ̀wò jáde, òun á pè wọ́n, á wá tẹ èsì wọn sílẹ̀.

Dókítà tó ń fi èsì náà ṣe ìwádìí yọjú. "Àǹtí, ẹ má jẹ́ ká ka òkú mọ́ alààyè o. A ò ní mọ̀ bóyá oògùn tuntun yìí ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé mo ti ṣe é rí?"

"Ẹ ò ṣe é rí."

Nọ́ọ̀sì tẹ nọ́ńbà tó kàn láìwo orúkọ. Fóònù kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú báàgì rẹ̀.

"Àǹtí, fóònù yín ń dún."

"Mo gbọ́."

Bí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà ti máa ń ṣe fún òbí wọn, nọ́ńbà ara rẹ̀ ló fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tó forúkọ màmá rẹ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Oṣù tó kọjá ni wọ́n sin màmá.

Ó jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́.

"Ẹni tí ẹ pè yẹn ńkọ́?" ni dókítà bi í.

"Kò gbé e."

Ó tẹ "Ẹ pè é padà lọ́la" síwájú orúkọ màmá rẹ̀.