Ààwẹ̀ tí Gbéminíyì Gbà Nítorí Bésíbọ́ọ̀lù

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ má ṣe dúró lágbede méjì. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò rò pé eré bọ́ọ̀lù lásán ni mò ń sọ.

1. Ìlú Allen, lẹ́bàá Dallas, ni Gbéminíyì ń gbé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Richardson. Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Jessica, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bàbá àti ọmọ kò mọ eré mìíràn ju bésíbọ́ọ̀lù lọ, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù, tí ẹlòmíràn sì ń fi igi gbá a. Jessica gan-an ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, yunifásítì kan sì ti ń fojú sí apá ọ̀tún tó fi ń jù ú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Gbéminíyì ní àtọ̀gbẹ, ó sì ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlìn láràárọ̀. Abẹ́rẹ́ yìí ń lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀; oúnjẹ ló ń dá a dúró. Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé tí oúnjẹ kò tẹ̀ lé e, ojú á ṣú, èèyàn á sì dákú.

2. Ní oṣù kẹsàn-án, ìjọ wọn gba ààwẹ̀. Pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá ń lo oògùn má gbà á, ṣùgbọ́n Gbéminíyì gbà á láṣìírí. Mosúnmọ́lá á ti lọ síbi iṣẹ́ láwọn àárọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó rí i pé kò gún abẹ́rẹ́ rárá. Lọ́jọ́ tó gbààwẹ̀, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń tì lẹ́yìn borí. Lọ́jọ́ kejì tó jẹ ìrẹsì, wọ́n fìdí rẹmi. Ó tún gbààwẹ̀, wọ́n tún borí.

Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Ṣé àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́?

Nígbà tó wá ku ọ̀sẹ̀ kan tí ẹgbẹ́ náà yóò wọ playoff, ìyẹn ìdíje ìkẹyìn tí ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ ń gba ilé lọ, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ta ni yóò kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù? Ṣé èjìká tó ń dun ẹni náà ti san? Ibi kan náà ni gbogbo èrò rẹ̀ ń parí sí: bí mo bá jẹun, a gbé.

3. Àárọ̀ ọjọ́ tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, Mosúnmọ́lá wà nílé. Ó dúró ti ọkọ rẹ̀ títí tó fi gún abẹ́rẹ́. Ó wá fi fọ́ìlì di mọ́ínmọ́ín, ó gbé e lé tábìlì.

“Dádì Jessica, ẹ jẹ ẹ́ kí ẹ tó jáde.”

“Màá jẹ ẹ́ lọ́nà.”

“Ẹ kì í jẹun lọ́nà. Abẹ́rẹ́ yẹn ò mọ playoff o.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ẹgbẹ́ alátakò ni ìyàwó òun wà. Nígbà tí obìnrin náà wọ yàrá, Gbéminíyì sáré ti mọ́ínmọ́ín sẹ́yìn ìkòkò ọbẹ̀ nínú fíríìjì, òun àti Jessica sì bọ́ sínú ọkọ̀.

4. Ọ̀nà jìn láti Allen dé pápá ìṣeré ní Arlington. Wọn ò tíì kọjá Dallas tí òógùn fi bo Gbéminíyì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí sítíárìn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àdúrà ti ń gbà nìyẹn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Jessica máa ń fi dá àwọn òbí rẹ̀ lóhùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó na súìtì sí bàbá rẹ̀, ó sì fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sẹ́nu.”

“Tí mo bá fẹnu kàn án, wọ́n á pàdánù.”

“Dádì, ẹ wo ọ̀nà.”

Ojú Gbéminíyì là sílẹ̀, kò sì rí nǹkan kan. Ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà márosẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ibi tí Jessica jókòó sí gba ògiri kọnkéré.

5. Ṣúgà tí kò gbà lọ́wọ́ ọmọ, inú iṣan ni àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì ti fún un. Ó jí. Dókítà ní apá ọ̀tún Jessica tó fọ́ yóò lè di ṣíbí àti kálàmù mú, ṣùgbọ́n kò ní lè ju bọ́ọ̀lù mọ́.

Mosúnmọ́lá dé. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó kàn gbé mọ́ínmọ́ín inú fọ́ìlì yẹn, tó rí nínú fíríìjì, lé e lórí ẹsẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ilé ìwòsàn ń fi èrò hàn níbi tí wọ́n ti ń jó ní Arlington.

“Dádì, wọ́n borí,” ni Jessica wí láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. “Ṣúgà sì ti wọ inú yín nígbà yẹn.”

Gbéminíyì tú fọ́ìlì náà. Kò lè gbé e dẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ẹ má fi ààwẹ̀ bo agídí mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń lo oògùn, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó pa oúnjẹ tì. Bí ará ilé yín bá sì na nǹkan sí yín pé kí ẹ jẹ ẹ́, ẹ gbà á, nítorí ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.