Bàtà Tí Lábọ̀dé Fi Pamọ́ Sórí Ààrò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì kà á sétí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tuntun gbà. Ayọ̀ ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú yóò kọ́kọ́ ti ẹnì kan.

1.

Láyé rẹfolúṣíọ̀n, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń jẹ́ kámáráàdì, ìjọba ní kí tọmọdé tàgbà máa sáré kí ara wọn lè le. Ní Idigny, ìlú kan nítòsí Kétu, ní gbogbo òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, àwọn àgbà á pé síwájú ilé ìwé, wọ́n á sáré gba ọ̀nà oko lọ, wọ́n á sì gba ibẹ̀ bọ̀. Tíṣà Firmin ló ń darí wọn. Kámáráàdì ni wọ́n ní kó máa pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́ ni, kò lè pe àgbà bẹ́ẹ̀ lásán. "Kámáráàdì Bàbá" ló ń pe Lábọ̀dé.

Lábọ̀dé ti ní ọmọ-ọmọ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun bí òwú, síbẹ̀ òun ló máa ń ṣíwájú. Ẹsẹ̀ lásán ló ń fi sáré, bíi ti gbogbo wọn. Àdùní, ẹgbẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló máa ń kẹ́yìn, nítorí kò lè rí ẹni nínú oko kó má dúró kí i, kó sì béèrè ara ìyàwó àti ọmọ. Lábọ̀dé á dúró dè é lábẹ́ igi oṣè, wọ́n á jọ wọlé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọn kì í fi ẹnì kankan sílẹ̀ lọ́nà oko.

2.

Théophile, àkọ́bí Lábọ̀dé, tí ìjọba rán lọ kàwé ní Rọ́ṣíà, wá fi bàtà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n fi ń sáré nínú igbó ni, eyín wà lábẹ́ rẹ̀ bíi ti ayùn. Lábọ̀dé wọ̀ ọ́, ó rìn yí ilé ká, ó bọ́ ọ, ó fi aṣọ nù ún.

"Ẹ wọ̀ ọ́ sáré lọ́la," ni Bernadette ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí ilẹ̀ pupa yìí lè bà á jẹ́? Ó di ọjọ́ tí a bá máa bá àwọn ará Odomèta, aládùúgbò wa, sáré."

Ó dáa, níbo ni àgbẹ̀ ń fi ohun tí kò fẹ́ kó bàjẹ́ sí? Àjà orí ààrò ni, níbi tí èéfín kì í ti í jẹ́ kí kòkòrò fọwọ́ kan àgbàdo ìgbìn. Ibẹ̀ ni Lábọ̀dé so bàtà kọ́, láàárín àgbàdo. Ojoojúmọ́ ni Bernadette ń dáná lábẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ ń jinná, bàtà náà ń jinná, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀.

Bàtà wà lájà o, ṣùgbọ́n ó ti gun ọkùnrin yìí lórí. Kò dúró lábẹ́ igi oṣè mọ́. Ó ní ẹni tó ní irú bàtà tòun kì í dúró de ẹlẹ́sẹ̀ lásán. Bẹ́ẹ̀, òun náà ò tíì wọ̀ ọ́ o. Nígbà tó yá, àwọn yòókù náà ò dúró de ara wọn mọ́.

Firmin wá sọ òfin eré náà fún wọn. "Ẹni ìkẹyìn ni wọ́n máa kà. Ìlú tí gbogbo àgbà rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọlé tán ló máa gbé àsíá ṣíwájú ní Kétu lọ́jọ́ ọdún orílẹ̀-èdè."

Lábọ̀dé ti ń rí ara rẹ̀ pẹ̀lú àsíá náà. "Yọ Àdùní kúrò," ló wí. "Òun ló máa bà á jẹ́ fún wa."

Àdùní rẹ́rìn-ín. "Lóòótọ́ ni mo máa ń kẹ́yìn, Lábọ̀dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kẹ́yìn ló ń rí ohun tó bá já bọ́ lára ẹni iwájú."

"Kámáráàdì Bàbá," ni Firmin wí, "gbogbo àgbà ni a wí. Màmá ń bá wa sá a."

3.

Ọjọ́ pé. Lábọ̀dé sọ bàtà kalẹ̀ láti orí àjà.

"Bàbá Théophile, ó ń rùn bí ẹja yíyan," ni Bernadette wí. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó jáde.

Nígbà tí àwọn ará Odomèta rí i, wọ́n ní mínísítà wo lẹ tún gbé wá. Orí rẹ̀ wú. Wọ́n fọn fèrè, ó bẹ́ síwájú, ó sáré dé òpin ọ̀nà oko, ó yí padà, kò wo ẹ̀yìn. Ìgbà tó dé orí yangí ni bàtà òsì la ẹnu bí ọ̀pọ̀lọ́. Kò pẹ́, abẹ́ rẹ̀ já lọ. Kò tíì kọjá oko ẹ̀gẹ́ nígbà tí ti ọ̀tún náà já. Iná ààrò ti yan gbogbo oje tó lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Àwọn ará Odomèta sáré kọjá lára rẹ̀; Barnabé, ọkùnrin sísanra tó kẹ́yìn wọn, ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Bàbá, bàtà yín ń béèrè oúnjẹ."

Lábọ̀dé jókòó wọ̀ọ̀ sábẹ́ igi oṣè, níbi tó ti máa ń dúró de àwọn ẹlòmíràn. Àwọn ará Idigny dé. "Ẹ máa lọ," ló wí, "inú ló ń run mí." Wọ́n sì lọ. Ta ló kọ́ wọn pé a kì í dúró mọ́?

Àdùní ló wá gbẹ̀yìn dé. Abẹ́ bàtà méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tìẹ ni àwọn nǹkan wọ̀nyí, àbí?"

"Máa lọ, Àdùní. Mi ò lè fẹsẹ̀ lásán wọlé lójú àwọn tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹsẹ̀ yẹn lo gbé wáyé. Ṣé ó ti gbàgbé ọ̀nà ni? Dìde. Ẹni ìkẹyìn ni wọ́n ń kà."

"Àdùní, mo ṣẹ̀ ọ́."

"O ṣẹ̀ mí. Tí a bá délé, wàá bẹ̀ mí dáadáa. Dìde ná."

4.

Ó bọ́ bàtà aláìnísàlẹ̀ náà, ó so ó kọ́rùn, wọ́n sì gbéra. Ẹ ò rí i bí ilẹ̀ pupa ṣe gba ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìyá tó gba ọmọ.

Bí wọ́n ṣe dé ẹ̀bá kànga, ta ni wọ́n rí? Barnabé ni. Ó jókòó, ó ń mu omi, àwọn ará Odomèta ti lọ, wọ́n ti ń jó níwájú ilé ìwé, wọn ò ka ara wọn wò. Àdùní kò kúkú lè rí ènìyàn kó má kí i.

"Ẹ kú ìsinmi o. Ara ìyàwó ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le. Àwọn ènìyàn mi ti fi mí sílẹ̀."

"Ẹ dìde, ẹ tẹ̀lé wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wa ni kí ẹ wà o."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọlé: Lábọ̀dé pẹ̀lú bàtà lọ́rùn, Àdùní pẹ̀lú abẹ́ bàtà lọ́wọ́, Barnabé lẹ́yìn wọn. Idigny pé, Odomèta ò pé. Wọ́n gbé Àdùní sókè, wọ́n ń kọrin títí eruku fi bo ilé ìwé.

Lọ́jọ́ ọdún ní Kétu, wọ́n na àsíá sí Lábọ̀dé. Ó gbà á, ó gbé e lé Àdùní lọ́wọ́, ó sì bọ́ sẹ́yìn pátápátá. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń kẹ́yìn ní gbogbo Àbámẹ́ta, ó ń wo ohun tó bá já bọ́ lára àwọn ará iwájú. Bernadette ní tirẹ̀ ń fi eyín bàtà Rọ́ṣíà họ ìdí ìkòkò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣọ́ra. Ohun tí wọ́n bá fún yín pé kí ẹ lò, ẹ lò ó, kó má baà jóná níbi tí ẹ fi í pamọ́ sí nítorí fáàrí. Ẹ má sì tìtorí ohun tuntun ta ẹlẹgbẹ́ yín nù, torí ẹ ò mọ ẹni tí yóò bá yín ṣa ohun tó bá já. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.