Ohùn Tó Ń Dáhùn Nílé Làwàní

Ìgbéraga ló ba ayé Làwàní ará Ìsọlọ̀ jẹ́. Bó bá ti rántí pé baba ńlá òun wà lára àwọn tó tẹ ìlú dó, ojú rẹ̀ kì í gba ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹrú ló ń pe gbogbo ẹni tí ogun kó ìyá wọn wá sí agbo ilé náà.

Ìyá Ṣubúọlá wà lára wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló darúgbó sí, òun ló sì pọn Làwàní fúnra rẹ̀ dàgbà. Lọ́dún tí a gba òmìnira ni ìyá náà kú. Ṣubúọlá ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú Làwàní.

"Bàbá Dáúdà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sin ìyá mi sílé. Kò nílé mìíràn láyé yìí."

"Ẹrú wo la ń sin mọ́ ọmọ onílé? Ẹ gbé e lọ sígbó!"

Háà, ènìyàn burúkú! Àwọn àgbà rán an létí pé ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba. Ó fàáké kọ́rí. Wọ́n sin ìyá náà sígbó lójú ọ̀nà Òṣòdì, Ṣubúọlá sì sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Kò pẹ́ rárá, Làwàní pe ìyàwó rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

"Ìyá Dáúdà!"

"Òo, ọmọ mi, mo ń bọ̀."

Yàrá tó ṣófo ni ohùn náà ti wá, ohùn Ìyá Ṣubúọlá sì ni. Ìyá Dáúdà alára gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, igbá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹni yòówù tí Làwàní bá pè, òkú ní ń dá a lóhùn. Ta ló fẹ́ bá òkú gbélé? Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí Èjìgbò, àwọn yòókù náà sá. Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òkú náà wálé, kó tọrọ àforíjì.

"Èmi? Kí n bẹ ẹrú?"

Ibà wá dá a dùbúlẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́ bó ṣe ń ké pé, "Ẹ fún mi lómi!" Wọ́n sì ń gbọ́ ìdáhùn: "Mo ń bọ̀, ọmọ mi." Ẹ̀rù ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Ṣubúọlá nìkan ló bu omi, tó wọlé tọ̀ ọ́. Kó tó dé ìdí ẹní, Làwàní ti kú.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ. Ẹ má fi orúkọ baba yín tẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ kò kà sí ènìyàn lè jẹ́ òun nìkan ni yóò bu omi fún yín lọ́jọ́ ìpọ́njú, ẹ sì lè má pẹ́ láyé tó láti mu ún.